Bí a ṣe ń gun òrùlé tí a ó fi ẹsẹ̀ ara wa sọ̀ kalẹ̀

Etí òrùlé ilé ilẹ̀ kò sábà ga ju mítà 3 lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀ níbẹ̀ á ti balẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, eré tó sì máa bá balẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 28 ní wákàtí kan, eré ọ̀kadà láàárín àdúgbò. Kò sí àyè pé ẹ máa rí nǹkan dì mú. Ohun tó máa gbà yín gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí ẹsẹ̀ yín tó kúrò nílẹ̀, ìyẹn la ṣe máa pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀ nínú ìtọ́sọ́nà yìí ká tó gòkè.

Ẹni tó ń to sólà, tó ń pààrọ̀ páànù, tó ń kun ògiri òkè, tó ń gbé díìṣì, tó ń wá ibi tí òrùlé ti ń jò, ẹ̀yin la kọ ọ́ fún. Ilé ilẹ̀ àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré la ní lọ́kàn. Másìtì àti ilé gogoro ní ẹ̀kọ́ tiwọn.

Ṣé dandan ni kí ẹ gùn ún?

Òfin iṣẹ́ orí òkè tí ilẹ̀ Bìrìtéènì ṣe lọ́dún 2005 to nǹkan mẹ́ta tẹ̀léra wọn. Bí iṣẹ́ náà bá ṣeé ṣe láti ilẹ̀, ẹ má gòkè. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ṣètò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè já. Bí èyí náà kò bá ṣeé ṣe délẹ̀, ẹ wá ohun tí yóò dín ìpalára kù fún ẹni tó bá já. Lọ́dọ̀ wa, ìdí títò yẹn ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á lọ ra harness kan (ìgbànú olókùn tí a ń wọ̀ sára kó lè gba ẹni tó bá já), wọ́n á gbé e kọ́ ọrùn fún fọ́tò, wọ́n á sì gòkè.

Ẹ wo òrùlé tó ń jò. Ọ̀sán ni kí ẹ wọ inú àjà, kí ẹ pa gbogbo iná. Ihò tó bá wà lára páànù á tàn bí ìràwọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àbàwọ́n tó wà lára síìlì, torí omi a máa bá igi rìn jìnnà kó tó kán sílẹ̀. Ihò gangan lè wà ní mítà méjì sókè ibẹ̀. Ẹ ti wáyà tín-ínrín gba inú ihò náà jáde. Ẹni tó bá máa gòkè á rí wáyà yẹn láti orí àkàbà, á lọ síbẹ̀ tààrà, á dí i, á sọ̀. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta lórí páànù ti di ogún ìṣẹ́jú. Nínú àjà náà, orí igi nìkan ni kí ẹsẹ̀ yín máa wà; síìlì kì í gba èèyàn, ẹ ó kàn bá ara yín ní pálọ̀.

Bákan náà ni fífọ páńẹ́lì sólà. Ọ̀pá gígùn tí búrọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀ àti ọ́ọ̀sì omi láti ilẹ̀ tó fún ọ̀pọ̀ ilé ilẹ̀. Ẹ ṣe é láàárọ̀ kùtù, kí gíláàsì tó gbóná. Omi tútù lórí gíláàsì tó ti gbóná lè là á. Ní ti díìṣì, ògiri tó dojú kọ ibi tó yẹ ń gbà á, ọ̀pá irin tí a rì mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì náà ń gbà á.

Ohun tí ẹ máa wò kí ẹ tó gbé àkàbà

Wáyà iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn wáyà òkè tó ń gba àdúgbò wa kọjá lọ sí tàràǹsífọ́mà ń gbé fólítì 11,000 tàbí 33,000. Irú iná bẹ́ẹ̀ kì í dúró dìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ó lè fò bá yín bí ẹ bá sún mọ́ ọn jù. Àkàbà alumíníọ̀mù ń gbé iná, ẹnu kò kò lé e lórí, ṣùgbọ́n ọparun tútù àti igi tí òjò ti rin náà ń gbé e. Ẹ fojú wọn ọ̀nà tó wà láàárín ibi tí ẹ fẹ́ gbé àkàbà sí àti wáyà náà: bí àkàbà bá ṣubú síhà ibẹ̀, ṣé á kàn án? Bí á bá kàn án, ibòmíràn ni kí ẹ gbé e sí. Ara yín àti ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ yín kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí kò tó mítà 3 sí wáyà, bẹ́ẹ̀ páànù ẹsẹ̀ bàtà 12 nìkan ti gùn ju mítà 3 àtààbọ̀ lọ.

Wáyà tó wọ inú ilé láti orí òpó náà ń bẹ. Lọ́pọ̀ ilé, etí òrùlé gan-an ni wọ́n so ó mọ́, oòrùn sì ti jẹ rọ́bà ara rẹ̀. Ẹ má sọ pé NÉPÀ ti mú iná lọ. Ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń mú un padà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí wọ́n so kò-tọ́ sì lè dá iná padà sínú wáyà tí ẹ rò pé ó ti kú. Ilé iṣẹ́ iná ni kó wá yọ ọ́ lórí òpó kí ẹ tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn wáyà, ẹ wo òrùlé fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ asbestos, kò sí ibi tí ẹ lè tẹ̀ lára rẹ̀ tí ọkàn yín á fi balẹ̀. Ó lè gba èèyàn lẹ́ẹ̀mẹwàá kó fọ́ ní ìkọkànlá, láìdún, láìtẹ̀. Ọdún tó ti lò nínú oòrùn àti òjò ń mú un gbẹ sí i ni. Eruku rẹ̀ tún ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má fọ́ ọ. Páànù rọ́bà tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ ilé ìtajà tàbí wọ́kúṣọ́ọ̀bù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí eruku ọyẹ́ bá ti bò ó, ojú kì í yà á sọ́tọ̀ mọ́ láàárín àwọn páànù yòókù. Ẹ wò ó láti inú ilé, kí ẹ ka ìlà páànù tó wà láàárín rẹ̀ àti ògiri, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀ bí ẹ bá dé òkè.

Àkàbà

Àkàbà pákó tí káfíńtà kàn lójú iṣẹ́ ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, a ò sì ní í ṣe bí ẹni pé kò sí. Ibi tó ti máa ń dani ni igi ìtẹ̀sẹ̀ tí wọ́n kàn fi ìṣó méjì kàn mọ́ ojú òpó ẹ̀gbẹ́. Gbogbo ìwọ̀n èèyàn ń fa ìṣó yẹn ni, lójoojúmọ́, títí ihò ìṣó á fi gbòòrò. Bí ẹ bá ń kàn án, ẹ gé ojú òpó wọlé díẹ̀ kí igi ìtẹ̀sẹ̀ lè jókòó sínú rẹ̀, tàbí kí ẹ kan igi kékeré sábẹ́ ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó máa gbé e. Íǹṣì 12 ni kó wà láàárín ìtẹ̀sẹ̀ kan àti èkejì. Ẹ má kùn ún ní ọ̀dà, torí ọ̀dà a máa bo ibi tó bá ti là mọ́lẹ̀.

Kí ẹ tó gùn ún lójúmọ́, ẹ gbé e dùbúlẹ̀, kí ẹ fi òòlù kan ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́. Igi tó dáa ń dún kó, èyí tó ti jẹrà ń dún bù. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e dúró, kí ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ mi ara yín. Bó bá máa ká, ibẹ̀ ni kó ti ká.

Bí ẹ ṣe máa gbé e ti ògiri rèé:

1. Ìwọ̀n mẹ́rin sókè, ọ̀kan síta. Bí etí òrùlé bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ìdí àkàbà á jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ó di 5. Ẹni tí kò ní ìwọ̀n lọ́wọ́, kó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ìdí àkàbà, kó dúró ṣánṣán, kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Àtẹ́lẹwọ́ gbọ́dọ̀ kàn án ní ìwọ̀n èjìká. Bí kò bá kàn án, àkàbà ti nà jù, ìdí rẹ̀ lè sá. Bí ọwọ́ bá ní láti ká, ó ti dúró ṣánṣán jù, ó lè gbé yín ṣubú sẹ́yìn.

2. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ kọjá etí òrùlé ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹ lè rí nǹkan dì mú nígbà tí ẹ bá ń bọ́ sórí páànù àti nígbà tí ẹ bá ń padà. Àkàbà tó mọ sí etí òrùlé gan-an ń gbé èèyàn gòkè dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ ni wàhálà rẹ̀, ẹ ó máa fi ẹsẹ̀ wá a sẹ́yìn láìrí i.

3. Orí ilẹ̀ líle ni ìdí rẹ̀ máa wà. Lórí iyanrìn tàbí ilẹ̀ rírọ̀, ẹ tẹ́ pákó fífẹ̀, kí ẹ kan igi sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó máa dá ẹsẹ̀ àkàbà dúró. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù tàbí òkúta gbé ẹsẹ̀ kan ga. Ẹ wa ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì kó wálẹ̀ dọ́gba.

4. Ẹnì kan á di ìdí rẹ̀ mú títí ẹni àkọ́kọ́ á fi so òpó méjèèjì mọ́ nǹkan tó lágbára lókè. Gọ́tà kì í ṣe nǹkan tó lágbára, fásíà, ìyẹn pákó tí a kàn yí etí òrùlé ká, náà kò sì sí lára rẹ̀. Ẹni tó ń di ìdí àkàbà mú kò gbọ́dọ̀ máa tẹ fóònù. Kò sì gbọ́dọ̀ dúró sábẹ́ rẹ̀ níbi tí òòlù lè já sí.

Àkàbà alumíníọ̀mù tó ń fà jáde, ẹ jẹ́ kí apá méjèèjì rẹ̀ bo ara wọn mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 ó kéré tán. Èyí tó ń ṣí bí ẹsẹ̀ tábìlì, ẹ ṣí i délẹ̀, ẹ má pa á dé kí ẹ fi ti ògiri, ẹ má sì ti orí rẹ̀ bọ́ sórí òrùlé.

Lórí àkàbà, ojú yín á kọ sí i ní lílọ àti ní bíbọ̀. Ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan, tàbí ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan, gbọ́dọ̀ máa kàn án nígbà gbogbo, ìyẹn ni pé ọwọ́ tó gbé garawa kì í gun àkàbà. Ìdodo yín kò gbọ́dọ̀ kọjá òpó ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ń nàgà tí ìdodo yín ti yọ síta, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ sún àkàbà. Ọ̀lẹ ìṣẹ́jú méjì yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ akunlé já.

Rírìn lórí páànù

Páànù alumíníọ̀mù tí wọ́n ń tà lọ́jà wa kì í nípọn ju 0.45 sí 0.55 mìlímítà lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe òun ló ń gbé yín, igi abẹ́ rẹ̀ ni. Níbo ni igi wà? Ẹ wo ìlà ìṣó. Gbogbo ibi tí orí ìṣó bá ti tò lọ gbọnrangandan, igi wà lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 4 ló sì sábà wà láàárín ìlà kan àti èkejì. Orí ìlà yẹn ni kí ẹ máa tẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín bo orí ìgbì páànù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Páànù tí wọ́n ṣe bí àtẹ̀gùn ní tiẹ̀, inú kòtò rẹ̀ níbi tó ti rẹlẹ̀ jù, lẹ́bàá ìlà ìṣó, ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá tẹ orí rẹ̀ á wó sínú, omi á sì máa dúró níbẹ̀.

Ìlà ìṣó ń sọ ibi tí igi wà, kò sọ bóyá igi náà ṣì yè. Ikán lè ti jẹ inú rẹ̀ tán kí ìta rẹ̀ máa dán. Nítorí náà, kí ẹ tó gun òrùlé àtijọ́, ẹ wọ inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti screwdriver. Ẹ fi gún igi níbi mẹ́ta mẹ́rin, pàápàá lẹ́bàá ibi tí omi ti ń jò àti níbi tí igi ti wọ ògiri. Bí irin bá wọlé tó ìdajì íǹṣì láìlo agbára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ìlà náà.

Fún òrùlé tó dagun, asbestos, tàbí èyí tí igi rẹ̀ ń ṣeni níyè méjì, ẹ kan àkàbà òrùlé. Pákó íǹṣì 1 sí 12 méjì tí a gbé lé ara wọn, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, kí ẹ kan igi íǹṣì 2 sí 2 dábùú lé e ní íǹṣì 12 síra wọn, kí ẹ sì fi igi líle ṣe ìkọ́ sí orí rẹ̀, èyí tó máa kọ́ góńgó òrùlé láti ìhà kejì. Ó gbọ́dọ̀ gùn tó láti jókòó lórí ìlà igi mẹ́ta ó kéré tán. Méjì lẹ nílò: orí ọ̀kan ni ẹ wà nígbà tí ẹ bá ń sún èkejì.

Bàtà rọ́bà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Sílípáàsì kò gòkè, bàtà awọ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dán kò gòkè. Ìrì òwúrọ̀ lórí páànù ń yọ̀ ju òjò lọ, torí èèyàn kì í fura sí i. Ẹ dúró di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kó gbẹ. Nígbà ọyẹ́, eruku tín-ínrín tó bo páànù ń yí lábẹ́ bàtà bí àgbàdo lórí símẹ́ńtì. Ẹ gbá a kúrò lójú ọ̀nà yín kí ẹ tó rìn.

Okùn àti harness

Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Èyí àkọ́kọ́ ni bẹ́líìtì ìbàdí. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1998 ni wọn ò ti gbà kí òṣìṣẹ́ lò ó láti fi gba ara rẹ̀ nígbà tó bá ń já, nítorí gbogbo agbára ìjábọ́ yẹn á kóra jọ sí ikùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Harness gidi ní okùn èjìká, okùn àyà àti okùn itan méjèèjì, òrùka irin ńlá rẹ̀ sì wà láàárín eegun èjìká lẹ́yìn. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́, àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ tẹ́ pẹrẹsẹ gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ okùn itan, ìkúùkù kò gbọ́dọ̀ wọ̀. Ẹ wo ojú ìránṣọ rẹ̀, ibi tí iná ti jó o, ibi tó ti ń hu irun. Èyí tó bá ti gba èèyàn lẹ́ẹ̀kan rí, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà tún un tà.

Àṣìṣe kejì ni ìṣirò. Okùn tó ń bá harness wá sábà máa ń gùn ní mítà 2. Àpò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ká aṣọ sí nínú. Bí ẹ bá já, aṣọ yẹn á máa ya tẹ̀lé ara rẹ̀ kó má baà gbọ̀n yín jù, ó sì lè nà tó mítà 1.75. Láti òrùka ẹ̀yìn yín dé àtẹ́lẹsẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 1.5. Ẹ fi mítà 1 sílẹ̀ fún ìṣọ́ra. Ó di mítà 6.25 láti ibi tí ẹ so okùn mọ́ dé ilẹ̀. Wàyí o, ẹni tó so tirẹ̀ mọ́ etí òrùlé ilé ilẹ̀ tó ga ní mítà 3: okùn mítà 2 àti ara mítà 1.5 ti di 3.5. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á kanlẹ̀ kí okùn tó nà tán. Harness wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì já bí ẹni tí kò wọ nǹkan kan.

Nítorí náà, fún ilé tí kò ga, ẹ má lo okùn láti gba ẹni tó ti já. Ẹ lò ó láti dá a dúró kó má dé etí òrùlé rárá. Igbà tí akọ̀pẹ àti ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ kò yàtọ̀ sí èyí: ó ti fà á mọ́ igi tipẹ́, kì í dúró dìgbà tó bá ń já lọ. Ẹ ju okùn gba orí góńgó òrùlé kọjá sí ìhà kejì, kí ẹ so ó mọ́ nǹkan tí kò lè mì, kí ẹ wọn gígùn rẹ̀ kó jẹ́ pé bí ẹ bá rìn lọ síwájú títí okùn fi nà, ẹsẹ̀ bàtà 2 á ṣì kù kí ẹ tó dé etí. Ohun èlò kan wà tó ń rìn lórí okùn tó sì ń há mọ́ ọn bí okùn bá fà á lójijì, rope grab ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Ó ń jẹ́ kí ẹ lè dín gígùn okùn kù bí ẹ ṣe ń sún.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ẹ̀gbẹ́. Okùn tó gùn déédéé fún iwájú lè gùn jù fún orígun ilé. Ẹni tó bá já níbẹ̀ á fì bí agogo, á lọ lu ògiri. Bí ẹ bá ti sún kúrò ní ọ̀gangan ibi tí ẹ so okùn mọ́, ẹ sún ibi ìsokùn náà.

Mọ́ kí lẹ máa so ó? Òpó kọnkéré ilé, igi ńlá tó fìdí múlẹ̀, tàbí igi ńlá òrùlé méjì papọ̀ láti inú àjà. Òfin Amẹ́ríkà béèrè pé ibi tí a so okùn agbanijábọ́ mọ́ gbọ́dọ̀ lè gbé nǹkan bíi kìló 2,270 fún ẹnì kan. Ẹ fi ìyẹn wo igi 2 sí 2 tí ìṣó kan dì mú. Ọ̀pá díìṣì, páìpù omi, irin tánkì, fásíà, gbogbo wọn kò tó. Mọ́tò náà wà lára ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ so ó mọ́, àfi bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá wà nínú àpò ẹni tó wà lórí òrùlé. Onímọ́tò lè rántí pé òun ń lọ sọ́jà.

Okùn ọ̀rá aláwọ̀ búlúù tàbí ewé tí a fi ń di ẹrù kì í ṣe okùn èèyàn. Oòrùn ń jẹ ẹ́ láti ìta wọ inú, kò sì sí àkọlé tó sọ ìwọ̀n tó lè gbé. Okùn iṣẹ́ òkè tó nípọn ní mìlímítà 11 ni kí ẹ rà, kí ẹ sì ta á ní kókó tó rí bíi nọ́ńbà 8. Etí páànù mú bí ọ̀bẹ. Níbi tí okùn bá ti kọjá lórí góńgó tàbí etí, ẹ la ọ́ọ̀sì omi àtijọ́ sí méjì kí ẹ fi bò ó, tàbí kí ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀.

Gbígbé ẹrù sókè

Páńẹ́lì sólà wáàtì 550 gùn tó mítà 2.3, ó fẹ̀ tó mítà 1.1, ó sì wúwo tó kìló 28. Bí atẹ́gùn bá wọ abẹ́ rẹ̀, ó ti di ìgbòkun. Ẹnì kan kì í gbé e gun àkàbà. Ẹ ti igi méjì gígùn mọ́ etí òrùlé bí ojú irin, kí ẹ so páńẹ́lì níbi méjì lára férémù rẹ̀, ẹni méjì lókè á máa fà á, ẹnì kan nílẹ̀ á máa fi okùn kejì tọ́ ọ. Ẹni ilẹ̀ kì í dúró sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi tépù tàbí okùn yí abẹ́ ibẹ̀ ká, mítà 3 síta, kí ọmọdé àti oníkiri má gba ibẹ̀ kọjá. Bí ewé igi àgbọn bá ti ń fì gidigidi, ẹ fi páànù àti páńẹ́lì sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Páńẹ́lì kò ní bọ́tìnì tí a fi ń pa á. Oòrùn bá ti là, iná ti wà nínú wáyà rẹ̀, mẹ́wàá tí a so tẹ̀léra lè kọjá fólítì 400. Iná yẹn lè má pa yín fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá gbọ̀n yín lórí páànù, ilẹ̀ á parí rẹ̀. Ẹ bò wọ́n láṣọ dúdú, kí ẹ sì fi síso wọn pọ̀ ṣe iṣẹ́ ìkẹyìn. Òòlù, dírìlì àti spánnà, ẹ fi okùn kékeré so wọ́n mọ́ ìgbànú irinṣẹ́.

Scaffold àti tánkì

Iṣẹ́ ògiri tó bá máa ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ níbì kan, scaffold (igi tàbí irin tí a tò dúró, tí a tẹ́ pákó lé fún ìdúró) ló yẹ ẹ́, kì í ṣe àkàbà. Bí gíga rẹ̀ bá ti ju ìlọ́po mẹ́rin fífẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ, ẹ so ó mọ́ ilé. Pákó tó nípọn ní íǹṣì 1 àti díẹ̀, kí ohun tó gbé e má jìnnà síra ju mítà 1 lọ. Èyí tó nípọn ní íǹṣì 1 àtààbọ̀ lè dé mítà 1.5. Orí pákó kọ̀ọ̀kan á yọ kọjá igi tó gbé e ní íǹṣì 6 sí 12: bó bá kéré jù á yọ́ bọ́, bó bá gùn jù á gbé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sókè bí jáńgirọ́fà. Ẹ kan igi ìdáàbòbò sí etí rẹ̀ ní ìwọ̀n ìbàdí, òmíràn ní ìwọ̀n orúnkún. Ọparun tó ti là láti ibi ìṣó, ẹ fi dáná.

Òpó tánkì omi, ẹ wo ojú wẹ́dà rẹ̀ kí ẹ tó gùn ún. Tánkì lítà 1,000 tó kún jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, ìpẹtà sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí irin ti wọ ilẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rẹ̀ wò. Ẹ tú omi rẹ̀ sílẹ̀ ná.

Ara ẹni tó ń gòkè

Ẹni tó mu paraga, tó mu kódìn tàbí trámádọ̀, tó lo oògùn ibà tó ń kọ́ ọ lójú, tí òòyì ń kọ́, kò gòkè lónìí. Láàárín aago méjìlá sí mẹ́ta ọ̀sán, páànù lè gbóná débi tí ọwọ́ kò ní í lè dì í mú. Ẹ sọ̀, ẹ mu omi. Bí àrá bá sán lọ́nà jíjìn, gbogbo yín ni kó sọ̀, ẹ má sọ pé ó ku páànù kan.

Bí ẹnì kan bá já

Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú ta ni yóò ṣe kí ni. Bó bá ń fì nínú harness, àkókò ò sí: ẹni tó ń rọ̀ láìmira lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè kú síbẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá ṣì wà lára rẹ̀, kó máa ta ẹsẹ̀, kó máa tẹ ògiri, títí ẹ ó fi gbé àkàbà dé abẹ́ rẹ̀.

Bó bá ti balẹ̀, ẹ má fà á dìde, ẹ má da omi sí i, ẹ má fún un ní ohun mímu. Ẹnì kan á kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di orí àti ọrùn mú kó má yí. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Bí kò bá mí, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má dúró. Nọ́ńbà 112 ni pàjáwìrì jákèjádò Nàìjíríà, 767 náà wà ní Èkó. Bí ọkọ̀ aláìsàn kò bá wá, ilẹ̀kùn tí ẹ yọ tàbí pákó fífẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí, èèyàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi bọ́ọ̀sì gbé e. Ẹ má ká a sórí ọ̀kadà. Ẹni tó forí gbá tó dìde tó ní kò sí nǹkan tó ṣe òun náà á lọ sílé ìwòsàn. Bó bá ń bì tàbí tó ń sùn lásùnjù láàárín wákàtí 24, ẹ̀jẹ̀ lè ti máa dà nínú orí.

Sísọ̀ kalẹ̀

Ẹ kó irinṣẹ́ sọ̀ pẹ̀lú okùn ṣáájú ara yín. Ẹ dì orí àkàbà tó yọ sókè mú, ẹ yíjú sí i, ẹ fi ẹsẹ̀ kan wá ìtẹ̀sẹ̀ kí ẹ tó gbé èkejì. Ẹni ìkẹyìn ló ń tú ìdè òkè, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ ti di ìdí rẹ̀ mú kó tó tú u. Tí iṣẹ́ bá ku ọ̀la, ẹ gbé àkàbà dùbúlẹ̀ sínú ilé, kí ẹ tì í. Èyí tí ẹ bá fi ti ògiri sílẹ̀ lóru, ọmọ ilé ni yóò kọ́kọ́ gùn ún láàárọ̀.